Idẹ Mọ́kànlá Tí Mo Yọ Lára Pátákó

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta, oṣù kẹfà

Èmi ni mo fi ohùn ara mi pe ènìyàn mọ́kànlá lọ sí ibi ikú wọn. Jẹ́ kí n kọ ìyẹn sílẹ̀ kí n tó kọ ohunkóhun mìíràn, nítorí bí mo bá fi ọ̀rọ̀ òjò àti ẹ̀yìn ríro bẹ̀rẹ̀, n kò ní dé ibẹ̀ mọ́.

Ìgbà ogun ni, ọdún pípẹ́ sẹ́yìn. Mo jẹ́ ọ̀gá ọ́fíìsì òṣìṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ, níbi tí a ti ń hun aṣọ tí àwọn ṣọ́jà ń wọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àwọn kò ní hun aṣọ mọ́ fún àwọn tó ń jó abúlé àwọn. Ọ̀gá Àgbà, ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ náà, pè mí sí yàrá rẹ̀. Ọ̀gá ṣọ́jà kan jókòó níbẹ̀, ó ń mu tíì. Ọ̀gá Àgbà ní kí n pe àwọn mọ́kànlá kan lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kí wọ́n wá gba bàtà tuntun ní ilé aró. Mo bi í pé bàtà wo. Ó ní, "Ìwọ ṣáà pè wọ́n."

Mo pè wọ́n. Ohùn mi dùn nígbà náà. Olóhùn-iyọ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè mí. Láti ojú fèrèsé ni mo ti rí wọn bí wọ́n ti ń gba àgbàlá kọjá, tí wọ́n ń ti ara wọn, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Fìtílà, ọ̀kan nínú wọn, ló ṣíwájú. Ọkọ̀ akẹ́rù ilé-iṣẹ́ wa ló kó wọn lọ, epo ilé-iṣẹ́ wa ló jó. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó padà.

Bí òṣìṣẹ́ bá wọlé láàárọ̀, á fi idẹ tó ní nọ́mbà rẹ̀ kọ́ sára pátákó ẹnu-ọ̀nà. Bó bá ń lọ sílé, á mú un dání. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, idẹ mọ́kànlá ṣẹ́kù sórí pátákó. Ọ̀gá Àgbà ní kí n kó wọn, kí n dà wọ́n sínú iná ìléru. Mo kó wọn, ṣùgbọ́n n kò dà wọ́n síná. Ìdí tí n kò fi dà wọ́n síná, n kò tíì lè kọ ọ́ lónìí.

Lọ́yà ìjọba wá sílé láàárọ̀ yìí. Obìnrin ni, kò dàgbà ju ọmọ-ọmọ mi lọ. Wọ́n ti gbé Ọ̀gá Àgbà àti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí kóòtù nítorí àwọn mọ́kànlá náà. Ohun tí ilé-iṣẹ́ ń wí ni pé ńṣe ni wọ́n fiṣẹ́ sílẹ̀ fúnra wọn, wọ́n dá idẹ wọn padà, wọ́n gba owó wọn, wọ́n lọ. Ohun tí ṣọ́jà bá fojú wọn rí lẹ́yìn ìyẹn, kò kan àwọn. Lọ́yà bi mí bóyá ohunkóhun wà lọ́wọ́ mi. Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó. Ó ní kí n máa kọ nǹkan sílẹ̀ lójoojúmọ́ kí ẹ̀rù má baà da ọ̀rọ̀ rú mọ́ mi lójú. Ó ti mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà mí. Bóyá ó hàn lójú mi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Òjò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Búrẹ́dì tún ti gbówó lórí, ó sì tún ti kéré sí i. Fóònù dún lẹ́ẹ̀mẹta, ẹni tó pè kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń mí. Ìyàwó mi ló gbé ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ó ní, "Bí o ò bá lè sọ̀rọ̀, ṣáà wúkọ́ ká mọ̀ pé o wà láàyè." Ẹni náà gbé e kalẹ̀. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Mo lọ wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bóyá mo tì í.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Ọmọ mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ wá. Wọn kò tíì jókòó tán tí ọmọ mi fi bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò ní kí ẹ parọ́. Mo ní kí ẹ sinmi ni."

"Irú ìsinmi wo?"

"Ìsinmi àgbà. Ẹ ní ara yín ò yá. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni yín, ta ló máa jiyàn?"

Ọkọ rẹ̀ ni ọ̀gá ilé aró lónìí, ní ilé-iṣẹ́ kan náà. Ó ń fi èékánná kan yọ aró lábẹ́ èékánná kejì. Nígbà tó yá ó ní, "Bàbá, inú ilé aró yẹn ni mo wà láti àárọ̀ di alẹ́. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n ti kùn ún lọ́dà lẹ́ẹ̀mejì."



Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Ọmọ Ọ̀gá Àgbà wá kí mi. Òun ló ń darí ilé-iṣẹ́ báyìí. Ó gbé àpótí èso dání, ó sì bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà bí ọmọ gidi.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní kẹ̀kẹ́ gígùn ní àgbàlá ilé-iṣẹ́. Ṣé ẹ rántí? Mo ṣubú lulẹ̀, ẹ ní kí n má sunkún kí wọ́n má baà lé yín lẹ́nu iṣẹ́."

Mo rántí. Mo rẹ́rìn-ín kí n tó mọ̀ pé mo ń rẹ́rìn-ín.

"Bàbá mi ti di arúgbó," ó ní. "Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ò le. Ẹ̀yin náà, ẹ tọ́jú ara yín. Títì tó wà níwájú kóòtù yẹn, ọkọ̀ ń sáré níbẹ̀ gan-an. Ó ti gbá àwọn àgbà bíi mélòó kan."

Ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́, ó sì fi ọwọ́ nu erùpẹ̀ kúrò léjìká mi. Lẹ́yìn tó lọ, ọwọ́ mi kò gbé ife. Ìyàwó mi pín àpótí èso náà fún àwọn ará ilé kejì. Ó ní ẹ̀bùn tó ń gbọ̀n ènìyàn lọ́wọ́ kò ṣe é jẹ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Mo gun àjà. Agolo mílíìkì tí mo kó àwọn idẹ náà sí kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Mo tún gùn ún. Kò sí. Ta ló wọlé wa? Ìgbà wo? Ọmọ Ọ̀gá mà lọ sẹ́yìn ilé lọ́jọ́sí, ó ní òun fẹ́ fọwọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ìyàwó mi bá mi nídìí àpótí bàtà. Ó dúró, ó fọwọ́ lẹ́rán.

"Bàbá ọmọ, ọjọ́ kẹrin rèé tí ẹ ti ń tú ilé bí ọlọ́pàá. Eku tó wà nílé yìí ti kó ẹrù rẹ̀. Ṣé agolo mílíìkì yẹn lẹ ń wá?"

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín bàtà.

"Agolo wo?"

"Ẹ má fi mí ṣe ọmọdé."

Ó lọ gbé àpótí bọ́tìnnì rẹ̀ wá, ó dà á sórí ibùsùn. Bọ́tìnnì funfun, dúdú, aláwọ̀ ewé, àti àwọn idẹ náà láàárín wọn, wọ́n ń dán.

"Ọdún tí òjò já àjà ni mo kó wọn kúrò. Wọ́n ti ń di aláwọ̀ ewé. Ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo fi ń fọ̀ wọ́n."

"O mọ ohun tí wọ́n jẹ́?"

"Ta ni ò mọ idẹ ilé-iṣẹ́ yín? Èmi àti ìyàwó Fìtílà la jọ bímọ lọ́jọ́ kan náà, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kan tèmi."

"O mọ̀, o ò sì sọ ọ́ ní gbogbo ọdún wọ̀nyí?"

"Mò ń dúró dè yín ni. Mo rò pé nítorí àwọn òkú lẹ ṣe tọ́jú wọn, pé ọjọ́ kan ń bọ̀."

Bí mo bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ìbá gbà mí gbọ́. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí. Mo sọ òótọ́ fún un: pé mo tọ́jú wọn kí n lè rí ọ̀fun Ọ̀gá Àgbà dìmú. Nígbà tó fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo wí fún un pé, "Ọ̀gá, iná kì í jó idẹ tán." Ó wò mí, ó yé e. Láti ọjọ́ náà ni òun ti ń bẹ̀rù mi, tí èmi náà ń bẹ̀rù rẹ̀. Ilé tí a ń gbé, ẹ̀kọ́ tí ọmọ wa kọ́, abẹ́ ẹ̀rù yẹn ni gbogbo rẹ̀ ti jáde.

Ó ṣa àwọn bọ́tìnnì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan padà sínú àpótí. Ó fi idẹ sílẹ̀ fún mi lórí ibùsùn. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ó gbé oúnjẹ síwájú mi, kò sọ̀rọ̀. Ó gbé àwo kúrò, kò sọ̀rọ̀.

Ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣẹ́kù tí n kò sọ fún un. Lẹ́yìn tí wọ́n kó àwọn ènìyàn náà lọ, ìyàwó Fìtílà wá sí ọ́fíìsì mi pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ó ní òun ń wá ọkọ òun. Mo ní ọkọ rẹ̀ ti gba owó rẹ̀, ó ti rìnrìn àjò. Ó ní, "Lọ síbo?" Ẹ̀rù ń bà mí kó má baà pariwo, kí Ọ̀gá Àgbà má baà gbọ́. Mo wá ní, "Mo gbọ́ pé obìnrin kan wà ńbẹ̀." Ó dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo àdúgbò ti ń pè é ní obìnrin tí ọkọ kọ̀ sílẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ẹnì kan fi èédú kọ ọ́ sára ògiri ilé wa: OLÓHÙN-IYỌ̀, DÁKẸ́. Mo fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ó rá, ó di àwọ̀ eérú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà ṣì lè kà á. Èpò ẹ̀yìn ilé ga, mo fẹ́ kí ẹnì kan wá ro ó, ẹ̀rù sì ń bà mí láti jẹ́ kí àjèjì wọ ibẹ̀.

Lọ́yà ìjọba pè. Mo sọ fún un pé idẹ wà. Ó ní, "Bàbá, ẹ má sọ fún ẹlòmíràn kankan."

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Kóòtù. Ìyàwó mi rán àpò sínú ẹ̀wù mi láàárọ̀ kí n fi kó àwọn idẹ. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ bá mi sọ láti ọjọ́ mẹ́sàn-án ni, "Ẹ gbọ́wọ́ sókè."

Nígbà tó lọ bomi, mo yọ idẹ Fìtílà, mo fi sínú àpò awò ojú mi. Bí mo bá kó tirẹ̀ kalẹ̀, ìyàwó rẹ̀ yóò mọ irú ènìyàn tí mo jẹ́.

Ìyàwó Fìtílà wà ní kóòtù. Ìlà kẹta, ó gbé báàgì kékeré kan lé itan. Ọ̀gá Àgbà jókòó lórí àga onítáyà, wọ́n fi aṣọ bò ó lẹ́sẹ̀. Mo ti rò pé yóò lejú mọ́ mi. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, bí ẹni rí òṣìṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Ìyẹn ló já mi láyà jù.

Mo sọ gbogbo rẹ̀: bàtà tuntun, ilé aró, ọkọ̀ akẹ́rù. Mo kó idẹ kalẹ̀. Lọ́yà Ọ̀gá Àgbà dìde.

"Bàbá, ènìyàn mélòó lẹ ní ẹ pè?"

"Mọ́kànlá."

"Idẹ mélòó ló wà níwájú Olúwa mi?"

"Mẹ́wàá."

"Ìkọkànlá ti hu ìyẹ́, ó fò lọ?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

"Ó lè ti sọnù," ni mo wí. Mo ti búra, mo sì parọ́.

Ó ní alágbẹ̀dẹ wo ni kò lè lu irú idẹ mẹ́wàá bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án kan? Ó ní lọ́la, àwọn yóò gbé pátákó ilé-iṣẹ́ gan-an wá, gbogbo nọ́mbà náà ṣì wà lórí rẹ̀, bí àwọn tó ni ín ṣe dá a padà.

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì lẹ́ẹ̀mẹ́fà kí n tó sọdá títì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Gàgàrà, olùṣọ́ ẹnu-ọ̀nà wa ìgbà náà, ni ẹlẹ́rìí tí ilé-iṣẹ́ mú wá. Òun ló ṣílẹ̀kùn fún ọkọ̀ akẹ́rù yẹn. A pàdé lórí àtẹ̀gùn. Ó ti tẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ga ju gbogbo wa lọ.

"Ọ̀gá Olóhùn-iyọ̀! Ikú ò tíì mọ ilé yín ni?"

"Ó ní ọ̀dọ̀ ìwọ lòun máa kọ́kọ́ yà."

"Ẹnu ọ̀nà ló máa dúró sí. Kò ní idẹ!" Ó rẹ́rìn-ín, ó wúkọ́, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ má bínú sí mi. Ilé tí mò ń gbé, tiwọn ni."

Ó búra pé ojú òun ni àwọn mọ́kànlá ṣe dá idẹ padà. Wọ́n ti gbé pátákó náà ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, oòrùn sì ń gba inú ihò àwọn idẹ náà jáde. Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Ìdí mi kò gbélẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n sinmi díẹ̀, mo lọ sọ ọ́ sí lọ́yà ìjọba létí.

Nígbà tí wọ́n padà, ó dìde, ó rẹ́rìn-ín sí Gàgàrà.

"Bàbá, wọ́n ní kò tíì sí olùṣọ́ tó mọ iṣẹ́ ẹnu-ọ̀nà tó yín."

"Wọn ò purọ́."

"Mo rí idẹ tó ní ihò kan, mo tún rí èyí tó ní méjì. Kí ló dé?"

"Há, oníhò méjì! Ti ẹni tó bá sọ tirẹ̀ nù nìyẹn. Wọ́n á ṣe òmíràn fún un, wọ́n á lu ihò kejì sí i, kí n lè mọ̀ bí olè bá fi ti àkọ́kọ́ wọlé. Òfin ni. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa ò jẹ́ ṣe é láìlu ihò méjì, kódà kẹ́ ẹ nàbọn sí wọn."

"Bí ẹni tó fiṣẹ́ sílẹ̀ bá dá tirẹ̀ padà ńkọ́?"

"Oníhò kan yẹn náà la máa fún ẹni tuntun. Ṣé a fẹ́ fi idẹ ṣòfò ni?"

Gàgàrà wo pátákó, ó wo Ọ̀gá Àgbà, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Adájọ́ ní kí wọ́n yẹ pátákó náà wò. Nọ́mbà mẹ́wàá tí mo kó wá, oníhò méjì ni gbogbo wọn lórí pátákó. Nígbà tí wọ́n ń ṣe òmíràn dípò èyí tí mo kó lọ, kò sí ẹni tó rántí sọ fún alágbẹ̀dẹ pé irọ́ ni wọ́n ń pa.

Ṣùgbọ́n idẹ oníhò méjì mìíràn ṣẹ́kù lórí pátákó tí kò ní èkejì nínú àwọn tí mo kó wá. Nọ́mbà Fìtílà ni. Lọ́yà Ọ̀gá Àgbà fò mọ́ ọn. Ó ní ẹ ò rí i bí? Ìyẹn sọ tirẹ̀ nù ni, bí òṣìṣẹ́ ṣe máa ń sọ ọ́ nù. Bí ọ̀kan bá lè sọnù, mẹ́wàá náà lè sọnù, kí bàbá arúgbó kan sì máa ṣà wọ́n nílẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Adájọ́ sún ẹjọ́ sí Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀. Ó ní bí ìkọkànlá kò bá jáde, òun yóò fi ọ̀rọ̀ yẹn sórí òṣùwọ̀n.

Lọ́yà ìjọba dì mí lọ́wọ́ mú ní ọ̀ọ̀dẹ̀. "Bàbá, níbo ni tirẹ̀ wà?"

Mo ní n kò mọ̀. Ó wà láyà mi, nínú àpò awò ojú.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Wọ́n ti lé ọkọ ọmọ mi lẹ́nu iṣẹ́. Wọn kò jẹ́ kó wọlé lọ mú ife tíì rẹ̀. Ọmọ mi wá, ojú rẹ̀ pọ́n. Mo ń dúró kó bú mi.

Ó ní, "Bàbá mi, ó ti bà jẹ́ ná. Ẹ má wá jẹ́ ká jìyà lásán. Ẹ lọ parí ẹ̀."

Ọjọ́ Àìkú, ọgbọ̀njọ́

Mo fi idẹ náà han ìyàwó mi, mo sì sọ irọ́ tí mo pa fún ìyàwó Fìtílà. Mo ní ẹ̀rù ń bà mí. Mo ní ojú obìnrin yẹn ni n kò lè wò.

Ó wò mí títí. "Ẹni tó fẹ́ fi ọkọ̀ pa yín wà níta, opó lẹ wá ń bẹ̀rù."

Ó ran ẹ̀wù mi tó já lápá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì, oṣù keje

Mo sọ fún adájọ́ pé mo parọ́ ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn tí mo ti búra. Ó ní ṣé mo mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n wà nínú ìyẹn. Mo ní mo mọ̀. Ohùn mi ń gbọ̀n. Akọ̀wé kóòtù ní kí n tún un sọ kí òun lè gbọ́ dáadáa. Mo yọ idẹ náà, mo fi lé e lọ́wọ́. Wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ oníhò méjì: nọ́mbà kan náà. Lọ́yà Ọ̀gá Àgbà jókòó. Ọ̀gá Àgbà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní kí wọ́n fún òun lómi.

Ìyàwó Fìtílà ti dìde ní ìlà kẹta. Kò bẹ ẹnikẹ́ni, ó kàn ń bọ̀. Ọlọ́pàá fẹ́ dá a dúró, adájọ́ ní kó jẹ́ kó kọjá. Akọ̀wé fi idẹ náà lé e ní àtẹ́lẹwọ́.

"Báyìí ló ṣe kéré tó?" ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà," ni akọ̀wé wí.

"Mo ti gbàgbé pé ó kéré." Ó yí i padà, ó fi àtàǹpàkò nù ún. Lẹ́yìn náà ló wá wo ojú mi. "Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé obìnrin kan wà."

Mo di igi tó wà níwájú mi mú.

"Kò sí obìnrin kankan," mo ní. "Kò rìnrìn àjò. Èmi ni mo pè é, wọ́n sì pa á. Kò fi yín sílẹ̀."

Kò sunkún. Ó ní, "Ẹ tún un sọ."

"Kò fi yín sílẹ̀."

Ó yíjú padà sí ìlà kẹta, níbi tí ọkùnrin méjì tí irun wọn ti ń funfun jókòó sí, tí ọ̀kan nínú wọn ní iwájú orí Fìtílà gan-an.

"Àwọn ọmọ mi nìyẹn," ó ní. "Ẹ sọ ọ́ sókè."

Mo sọ ọ́ sókè.